Bí Ọdẹ́jìmí Ṣe Wá Ayọ̀ Àwẹ̀ró Dé Ìlú Inú Orí

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1953, níbi ọdún Ògún ní abúlé Ìdí-Ahùn, Ọdẹ́jìmí sun ìjálá, ó sì fi bú ìyàwó ara rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó náà. Ó ti bí ọmọ kan ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Ọmọ náà lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé, ó sì padà síbi tí ó ti wá. Láti ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ti ń pẹ́ lórí ẹní. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, kì í dìde mọ́ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Iná kú nínú ààrò rẹ̀, omi gbẹ nínú ìkòkò rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ni ó sì ń gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀. Ojú ń ti Ọdẹ́jìmí gidigidi. Ọkùnrin tí ó ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta, tí àwọn ọdẹ abúlé méje ń fi orúkọ rẹ̀ búra, ń jẹ ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ bí àlejò. Nítorí náà, nígbà tí ìjálá kàn án lọ́jọ́ náà, tí ẹmu sì ti wọ̀ ọ́ lára, ó gbé ohùn sókè, ó ní:

"Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ọmọ ìjímèrè,
Tí ń sùn títí oòrùn fi ń kan àtàrí.
Iná kú mọ́ ọ lọ́wọ́, omi gbẹ mọ́ ọ níkòkò.
Ìgbín pàápàá ń rìn, ìwọ kò rìn.
Ìbá ṣe pé ẹran ni ọ̀lẹ,
Ǹ bá ti yìnbọn pa á nínú ilé mi."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òfin kan sì wà ní Ìdí-Ahùn tí gbogbo ọmọ ọdẹ mọ̀: ẹni tí a bá fi ìjálá bú lọ́jọ́ Ògún kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ fèsì, ẹni tí ó sì bú u kò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní Ògún ni ó sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Àwẹ̀ró ti fà á jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí ó wá wo ọdún, ó dúró láàárín wọn, igbá àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú, kò fèsì. Ó gbé igbá náà kalẹ̀, ó lọ sílé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdẹ́jìmí fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, nígbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, tí àwọn ọmọ ọdẹ jókòó yí i ká lábẹ́ àtíbàbà. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè. Bí ó bá dé ibi tí ó ti ṣe akin, ohùn rẹ̀ a ga bí ohùn ọdẹ. Bí ó bá dé ibi tí Àwẹ̀ró wà, ohùn náà a tún wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe bá òun jiyàn, òun ka oṣù, òun ka ọjọ́, kò sí ìyà kan tí ó jẹ òun tí òun gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Àwẹ̀ró ti kọjú sí ògiri, Olúọdẹ bi Ọdẹ́jìmí léèrè ohun tí ó ń ṣe ìyàwó rẹ̀. Ọdẹ́jìmí kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó dáhùn pé nǹkan kan jáde láti inú igbó, ó jí ayọ̀ obìnrin náà gbé, òun yóò sì tọ ipasẹ̀ olè náà lọ. Àwọn ọdẹ yìn ín. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n tún ń yin òun.

Tinúọlá, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ti wá láti ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ó bá Ọdẹ́jìmí níbi tí ó ti ń di ètù sínú àdó. Tinúọlá ń wúkọ́, nítorí inú yàrá tí Àwẹ̀ró ń sùn gan-an ni Ọdẹ́jìmí ti ń fi èéfín gbẹ ẹran ìgbẹ́. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ọdẹ́jìmí ni kò dá a sí i, kí èéfín má baà jáde kí ẹran tó gbẹ.

"Àna," ni Tinúọlá wí, "má lọ sí ibì kankan. Àìsàn yìí ṣe àbúrò ìyá wa rí, mo mọ ojú rẹ̀. Lu fèrèsé sí yàrá yìí, gbé ẹran rẹ síta, kí o sì jókòó tì í."

"Ìyá, ọdẹ kì í jókòó ti ẹní. Ẹni tí ó jí ayọ̀ rẹ̀ wà níbì kan, n ó sì bá a."

"Bí o bá bá a, kí ni o fẹ́ ṣe fún un?"

"N ó yìnbọn fún un."

Tinúọlá wọlé lọ bu omi fún àbúrò rẹ̀.

Ọdẹ́jìmí jẹ́wọ́ fún àwọn tí ó jókòó pé òun mọ̀ nínú ọkàn òun lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe nítorí Àwẹ̀ró nìkan ni òun ṣe ń lọ. Ojú àwọn obìnrin tí ń gbé ọbẹ̀ wá ni òun ń sá fún. Igbó rọrùn ju ẹnu ọ̀nà ilé òun lọ.

Ó wọ igbó, igbó sì gbà á. Ibi tí ó kọ́kọ́ dé ni Igbó Kùrukùru, níbi tí oòrùn ti ń yọ ṣùgbọ́n tí kì í mọ́lẹ̀. Iwin kan jókòó sí ojú ọ̀nà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ wọ inú èjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ kan wà ní ìpàkọ́, òógùn sì ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí ó ru àpò kòkó mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Arù-má-sọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí Ọdẹ́jìmí kọ́kọ́ já àlọ́ kan kí ó tó kọjá.

"Ọdẹ, ẹrù wo ni à ń rù tí ẹnikẹ́ni kì í bá ni sọ̀, tí à ń rù ú sùn, tí à ń rù ú jí?"

Ọdẹ́jìmí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ru ìgalà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀ odò dé ilé láì sọ̀, òun ti ru akọ ẹfọ̀n ní ìlàjì-ìlàjì nínú òjò, kò sí ẹrù kan tí orí òun kò lè gbà.

"Ó dára," ni iwin náà wí. "Bá mi rù ú díẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àtàrí ọdẹ náà. Kò gbé nǹkan kan lé e. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìmí wó lulẹ̀ sí ìdí igi araba. Ó fẹ́ dìde, ara kọ̀. Ó mú ẹran gbígbẹ jáde nínú àpò, ó di eérú lẹ́nu rẹ̀. Oorun kò wá. Nígbà tí ó bá sì wá, bí ẹni pé wọ́n da ilẹ̀ bò ó ni. Àárọ̀ tí ó máa ń fò dìde fún tẹ́lẹ̀ dà bí ògiri tí ẹnìkan mọ sí iwájú rẹ̀. Agbọ̀nrín kan wá jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn rẹ̀, ó wò ó, kò wù ú láti pa á. Ní ọjọ́ kẹrin ìjàlọ gun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó rí wọn, ó ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀, kò lè gbé e láti gbọ̀n wọ́n dànù.

Láníhún, ọmọ ọdẹ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, bi í léèrè níhìn-ín pé, "Baba, ṣé ìjàlọ kò wá jẹ yín tán?" Ọdẹ́jìmí dá a lóhùn pé ẹran ara ọdẹ korò, àwọn náà tọ́ ọ wò, wọ́n sì ronú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi àpá mẹ́rìnlélógún hàn wọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán.

Ní ọjọ́ keje Arù-má-sọ̀ dúró lé e lórí.

"Dìde, ọ̀lẹ."

"Ọ̀lẹ kọ́ ni mí."

"Kí wá ni ó ń ṣe ọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Iwin náà tún fi ọwọ́ kan àtàrí rẹ̀, ó gba ẹrù náà padà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ọdẹ́jìmí gbọ́ igbe ẹyẹ, tí ebi sì pa á. Iwin náà sọ fún un pé ọjọ́ méje péré ni ó rù ú, òun ti ń rù ú láti ìgbà èwe, ìyá òun sì rù ú kí òun tó rù ú. Ó wá bi í léèrè iye oṣù tí ẹni tí ó fi sílẹ̀ lórí ẹní ti ń rù ú. Ọdẹ́jìmí kà á nínú ọkàn rẹ̀. Ó pé oṣù márùn-ún ó lé díẹ̀. Ó mú ìbọn rẹ̀, ó kọjá lọ.

Àbí ẹ rò pé ó yẹ kí ó ti padà sílé láti ibẹ̀? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí olè fún Olúọdẹ, olè ni ó sì ń wá.

Lẹ́yìn Igbó Kùrukùru ni ó dé Ìlú Inú Orí. Ẹni tí ó bá ti pa àsálà rí, tí ó yọ ọmọ inú rẹ̀ láìfọ́, mọ bí ìlú náà ṣe rí: ó pín sí ọ̀nà méjì, ó ká kò bí ìfun, kòtò sì wà láàárín ilé kan àti èkejì. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ kún inú rẹ̀, wọ́n ń sáré tọ̀sán-tòru. Olúkúlùkù gbé ahá kan, igbá kékeré, lọ́wọ́. Bí ìránṣẹ́ bá dé etí kòtò, yóò ju ahá sí òdìkejì, ìránṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì yóò gbé e, yóò sì máa sá lọ. Ahá oorun wà níbẹ̀, ahá ebi wà níbẹ̀, ahá ayọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tí ó ń gbá àwọn kòtò náà ni ó gbà á lálejò. Ìyá Agbakòtò ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí ó fi olè tí ó jí ayọ̀ Àwẹ̀ró han òun. Ó ti fi ọ̀pá ti ètù nínú ìbọn rẹ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni ìyá náà wí. "Gbé ìbọn sílẹ̀, ọmọ mi, olúkúlùkù ènìyàn ní òpópónà níhìn-ín, wá wo ti ìyàwó rẹ."

Ó mú un lọ síbẹ̀. Ọdẹ́jìmí retí òkùnkùn, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó rí ni pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń ju ahá, kò dé òdìkejì. Àwọn ahá ayọ̀ ń já sínú kòtò, àwọn mìíràn sì ń padà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn. Ìyá náà ṣàlàyé fún un pé kò sí ẹni tí ó jí nǹkan kan. A rán ayọ̀ níṣẹ́, kò rí ọ̀nà dé ni. Nígbà tí àwọn ọmọdé ń ṣeré níwájú Àwẹ̀ró, ahá jáde. Nígbà tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tí ó fẹ́ràn wá, ahá jáde. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí kòtò, Àwẹ̀ró sì rò pé òun ni òun kò mọ ayọ̀ mọ́.

Ọdẹ́jìmí bi í léèrè ohun tí ó mú kí ó rẹ̀ wọ́n. Ìyá náà mú un lọ síbi ògiri tí ó yí òpópónà náà ká. Ó ní ògiri àwọn ènìyàn kan fẹ́lẹ́ láti ilé ìyá wọn wá, ti àwọn mìíràn nípọn. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ lè dúró títí ayé bí òjò kò bá le, èyí tí ó nípọn náà sì lè wó bí òjò bá pọ̀ jù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ògiri ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ti Àwẹ̀ró fẹ́lẹ́ díẹ̀, bíi ti àbúrò ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ihò wà lára ògiri náà, ẹ̀fúùfù tútù ń gbà á wọlé, òun ni ó sì ń mú kí ọwọ́ àwọn ìránṣẹ́ máa gbọ̀n. Ihò kan fẹ̀ bí ojú ìlẹ̀kùn. Ikú ọmọ ọlọ́jọ́ mọ́kànlá ni ó lù ú. Òmíràn dúdú, èéfín ń jáde níbẹ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ti òru àìsùn. Òmíràn sì jẹ́ ti ilé tí kò sí ẹni tí à á bá sọ̀rọ̀, nítorí ọkọ ń bẹ nínú igbó. Lẹ́bàá ilẹ̀, ihò kan wà tí kò tóbi ju ẹnu ènìyàn lọ, ẹ̀fúùfù ibẹ̀ sì tutù ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

"Ọdẹ, èwo ni ìwọ lù nínú wọn?"

"Ìyá, mi ò lu ìkankan. Kò sí ọjọ́ tí ẹran wọ́n nílé mi."

Ilẹ̀ tu Ọdẹ́jìmí jáde bí ẹni tu egungun ẹja. Ó bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, nídìí odò alámọ̀, agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kí ó máa ru amọ̀ wá fún àwọn tí ń tún ògiri ṣe. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ó fi rù ú, ìgbà méjìdínlógójì lójúmọ́, orí rẹ̀ sì pá láàárín. Nígbà tí wọ́n tún pè é síwájú ògiri, ó ní òun jẹ́wọ́ ihò èéfín, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé nítorí oúnjẹ Àwẹ̀ró náà ni òun ṣe ń gbẹ ẹran. Òtítọ́ tí a fi àwáwí dì kò yàtọ̀ sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n dá a padà sídìí odò fún oṣù mẹ́wàá. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn a ní, "Ọdẹ ńlá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti pa amọ̀ mélòó lónìí?"

Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò dúró kí ìyá náà bi í. Ó kúnlẹ̀ síwájú ihò kékeré lẹ́bàá ilẹ̀. Ó ní òun ni òun lu èyí, ẹnu òun ni òun fi lù ú. Ìyá Agbakòtò ní kí ó sọ ohun tí ẹnu náà wí. Ọdẹ́jìmí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun sọ ọ́ sí i létí. Ó kọ̀. Ó pe gbogbo ìránṣẹ́ ìlú jọ, wọ́n dúró pẹ̀lú ahá wọn, ó sì ní kí ọdẹ sun ìjálá náà bí ó ṣe sun ún lọ́jọ́ Ògún.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni o ṣe sun ún," ni ìyá náà wí.

Ó gbé ohùn sókè. Ó sun ún láti orí dé ìdí, ọmọ ìjímèrè, iná, omi, ìgbín, ìbọn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìránṣẹ́ òpópónà Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń sun ún, ahá wọn dojú dé. Ẹyin ni ohùn. Fífọ́ ni ó ń fọ́ bí ó bá balẹ̀. Ọdẹ́jìmí rí i bí ó ṣe ń fọ́.

"Ojú ń tì mí, Ìyá."

"Ó yẹ kí ó tì ọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe oògùn. Má gbé e lọ fún un bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ."

Ọdẹ́jìmí wá tọrọ oògùn náà. Ìyá náà sọ fún un pé kò sí oògùn kankan nínú igbó yìí. Ohun tí Àwẹ̀ró ń fẹ́ ni yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, oorun, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí yóò jókòó tì í láì bá a wí, àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń kọ́ nípa òpópónà àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, ní ayé.

Inú bí Ọdẹ́jìmí. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé?"

"O kò bi mí. Ẹni tí o máa yìnbọn fún ni o béèrè."

Ó padà sí Ìdí-Ahùn ní oṣù kejì ọdún 1955. Ó bá ilé rẹ̀ ní títì. Fèrèsé kan wà lára yàrá Àwẹ̀ró, ó fẹ̀, etí rẹ̀ kò gún, ó hàn pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ bíríkìlà ni ó lù ú. Tinúọlá ni. Aládùúgbò sọ fún un pé oṣù mẹ́rin ni obìnrin náà fi jókòó ti àbúrò rẹ̀ nínú yàrá náà, tí ó ń gbá a mọ́ra, tí ó ń fi ṣíbí fún un ní ògì, kí ó tó gbé e lọ sílùú tirẹ̀, sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn.

Ọdẹ́jìmí lọ síbẹ̀. Ó bá Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìnkùlé Tinúọlá, ó ń ṣa ewé tẹ̀tẹ̀... kì í ṣe ewé tẹ̀tẹ̀, Ọdẹ́jìmí tún ara rẹ̀ ṣe, ewé ẹ̀fọ́ gbúre ni. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an. Àwẹ̀ró ti sanra díẹ̀. Ó ń bá ọmọ Tinúọlá sọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kí ó tó rí ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò tíì yá tán, pé àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí ó ń ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń dìde.

Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀. Ó sọ gbogbo ibi tí ó dé fún un: iwin, ìjàlọ, ìlú, amọ̀. Àwẹ̀ró fetí sí i títí ó fi parí.

"Mo gbọ́ pé o lọ wá mi," ni ó wí. "Orí ẹní yẹn ni mo wà, Ọdẹ́jìmí. N kò kúrò níbẹ̀."

Ó tọrọ àforíjì nítorí ìjálá náà. Àwẹ̀ró ní òun gbọ́. Ọdẹ́jìmí ní kí ó jẹ́ kí àwọn jọ padà sílé, òun ti gbé ẹran síta, òun kò ní máa sùn nínú igbó mọ́. Àwẹ̀ró mi orí. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní ara òun ń yá níhìn-ín, òun kò sì lè padà síbi tí ó ti bàjẹ́. Tinúọlá gbé oúnjẹ fún Ọdẹ́jìmí, ó jẹ ẹ́, ó sì lọ.

Lọ́dún Ògún tí ó tẹ̀lé e, Ọdẹ́jìmí dìde láàárín àwọn ọdẹ, ó ní ọ̀rọ̀ òun lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti Ògún, ti òun ni, òun sì parọ́ mọ́ aláìsàn. Olúọdẹ bá a wí, ó ní ó ti rú òfin. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ń sun ìjálá. Ó gbà.

Láníhún kò dápàárá mọ́. Ó bi í léèrè jẹ́jẹ́ bóyá obìnrin náà padà wá nígbẹ̀yìn. Ọdẹ́jìmí ní rárá.

Àwẹ̀ró lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí i láyé, kò sì lo ọjọ́ kan nínú rẹ̀ ní ilé Ọdẹ́jìmí.